Oríkèé Tó Yẹ̀ Kì Í Ṣe Ohun Àjùmọ̀fà

Ẹ̀yin ará Abraham Adésànyà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lójú ọ̀nà Ògómbò àti ní gbogbo agbègbè Ajah, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi létí. Bí ènìyàn bá ré bọ́ lórí ọ̀kadà, bí kẹ̀kẹ́ Márúwá bá dojú dé, bí ọmọ bá ṣubú tó fi ọwọ́ gúnlẹ̀ tí èjìká rẹ̀ sì yẹ̀, ẹ má fà á. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe àwọn èrò tó máa ń pé lé ènìyàn lórí ní oríta wa. Ọ̀kan á di apá mú, èkejì á rọ̀ mọ́ ìbàdí, ẹnì kẹta á ní òun ti rí bí bàbá òun ṣe ń ṣe é nílé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, eegun tó kàn yẹ̀ lè ti ṣẹ́, iṣan lè ti já, ohun tí dókítà ì bá fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ dá padà á wá di iṣẹ́ abẹ.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà tí àdúgbò wa wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ọ̀kadà kò dí kòtò ojú títì, kò sì bo gọ́tà. Ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ gùn tó nǹkan bí kìlómítà 49. Ní ibi tó ti kàn wá, ní oríta tó ń jẹ́ orúkọ Olóyè Abraham Adésànyà, aṣáájú Afẹ́nifẹ́re, danfo, ọkọ̀ akẹ́rù, kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ sọdá jọ ń du ọ̀nà kan náà ni láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí òjò bá wá rọ̀ tí àgbàrá bo ilẹ̀, ẹni tí kò mọ ibi tí gọ́tà wà á kàn ki ẹsẹ̀ kan bọ inú rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n ṣàlàyé bí a ṣe dá oríkèé ara wa, nítorí ẹni tó bá mọ ìrìn tí oríkèé kan lè rìn ni yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun ká ọwọ́ òun kò.

Eegun 206 ló wà lára àgbàlagbà. Ibi tí eegun kan ti pàdé òmíràn ni oríkèé, oríkèé kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìrìn tí a dá mọ́ ọn. Àwọn kan kì í mì rárá, irú àwọn tó so eegun agbárí pọ̀. Lára ọmọ tuntun, wọn kò tíì so pọ̀ tán, òun ló fà á tí àwújẹ̀ fi ń rọ̀ tó ń mí sókè sódò. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, ti iwájú orí máa ń dí láàárín oṣù 12 sí 18. Àwọn mìíràn ń mì díẹ̀díẹ̀: oríkèé ọ̀pá ẹ̀yìn, àti èyí tó so eegun ìsàlẹ̀ ikùn pọ̀ níwájú, tó máa ń dẹ̀ díẹ̀ nígbà tí aboyún bá ń sún mọ́ ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Àwọn yòókù, èjìká, ìbàdí, ìgbọ̀nwọ́, ọrùn ọwọ́, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀, ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, ni wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ fàlàlà. Awọ líle yí wọn ká, okùn ara dè wọ́n pọ̀, omi yíyọ̀ díẹ̀ sì wà nínú wọn kí eegun má baà máa ha eegun. Àwọn wọ̀nyí ló ń yẹ̀.

Ní èjìká àti ìbàdí, orí eegun roboto ló wọ inú ihò. Ìdí nìyẹn tí a fi lè gbé wọn síwájú, sẹ́yìn, sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí a sì yí wọn po. Ṣùgbọ́n ihò ìbàdí jìn bí odó, ti èjìká sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Òmìnira tí èjìká ní, tí a fi lè na ọwọ́ sí àjà, tí a fi lè ha ẹ̀yìn, òun náà ló sọ ọ́ di oríkèé ńlá tó ń yẹ̀ jù lọ lára ènìyàn. Iwájú ló sábà máa ń yẹ̀ sí, nígbà tí ènìyàn bá ṣubú tó sì fi ọwọ́ nínà gba ara rẹ̀ sílẹ̀, tàbí tí ohun kan bá já apá gbà sẹ́yìn. Ẹ̀yin kọ́ńdọ̀ tí ẹ ń fi ọwọ́ kan rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà danfo láti Ajah dé Ṣángótẹ̀dó, èjìká yín ni ẹ fi ń ta tẹ́tẹ́ yẹn.

Èjìká tó yẹ̀ kò fara pamọ́. Kò ní rí roboto mọ́, á yọ igun lókè. Ẹni náà á fi ọwọ́ kejì gbé apá náà mọ́ra, kò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ fi gèlè tàbí ìborùn gbé apá náà kọ́ ọrùn bí ẹ ṣe bá a. Ẹ má tọ́ ọ. Ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí omi, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún un ní oògùn oorun kí wọ́n tó dá a padà. Ẹ wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní X-ray. Ẹni tó bá ń sọ pé kò sí ohun tí X-ray fẹ́ ṣe, ẹ bi í bóyá ojú rẹ̀ lè rí inú ẹran. Nígbà mìíràn, eegun á ti ṣẹ́ síbi tó yẹ̀ sí, ẹni tó bá sì fà á á tún ya èyí tó ṣẹ́. Iṣan ìmọ̀lára kan, tó tún ń jẹ́ kí a lè gbé apá sókè, gba abẹ́ oríkèé yìí kọjá. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n lára, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀dọ́ tí èjìká rẹ̀ sì yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí kò sinmi, tí kò ṣe eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ ọ kí iṣan ibẹ̀ lè le, àfàìmọ̀ kí ó má tún yẹ̀.

Ti ìbàdí le ju èyí lọ. Agbára ńlá ló ń yọ ọ́ kúrò nínú ihò rẹ̀, ẹni tó sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí ni ẹni tó jókòó síwájú ọkọ̀ láìde bẹ́líìtì, tí orúnkún rẹ̀ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí ọkọ̀ kọlu ọkọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹsẹ̀ náà á kúrú ju èkejì lọ, orúnkún á sì kọjú sí inú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ orí eegun itan ń gba ibi tóóró kọjá. Bí wọn kò bá dá a padà ní kíá, wákàtí mẹ́fà ni àwọn dókítà sì máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n, orí eegun yẹn lè kú, ẹni náà á sì máa tiro títí ayé. Wákàtí mẹ́fà lè dún bí ẹni pé ó pọ̀. Ẹ wá rántí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì láti Ajah títí dé Erékùṣù Èkó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi wákàtí mẹ́ta wá ẹni tó ń wọ́ra kiri ti jẹ ìdajì àkókò náà tán.

Ìgbọ̀nwọ́ ní tirẹ̀ kì í ṣe ju kó ká, kó sì nà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ yín sókè, kí ẹ tún dà á délẹ̀: ọ̀kan nínú eegun méjì apá ló ń yí lórí ara rẹ̀ nínú ìgbọ̀nwọ́ níbẹ̀ yẹn. Okùn tó de orí eegun náà mọ́lẹ̀ kò tíì le lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ní ìdájí, ìyá ń sáré kí ọmọ má pẹ́ dé ilé ìwé, kọ́ńdọ̀ ń ké pé òun ti ń lọ, ìyá á gbá ọmọ ní ọrùn ọwọ́ mú, á já a sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá tó ń bá ọmọ ṣeré á di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, á máa fi í yípo bí ọmọ ṣe ń rẹ́rìn-ín. Orí eegun á yọ́ kúrò lábẹ́ okùn yẹn. Ọmọ á ké, lẹ́yìn náà á dákẹ́, apá náà á kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní títẹ̀ díẹ̀, kò ní fẹ́ fi gba bisikíìtì pàápàá. Kì í sábà wú. Nítorí pé kò wú, àwọn òbí mìíràn á ní ọmọ ń ṣe agídí, wọ́n á tún lù ú lé e. Ẹ dákun, ẹ má lu ọmọ yẹn. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè dá a padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sì tó jáde níbẹ̀ ọmọ á ti máa ṣeré. Abẹ́ abíyá méjèèjì ni kí a ti máa gbé ọmọ wọ ọkọ̀, kì í ṣe ọrùn ọwọ́.

Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti dé orí ọmọdé, mo bẹ ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ti Ìjẹ̀bú tàbí Ìbàdàn wá bá ọmọ yín wẹ ọmọ tuntun ní àdúgbò wa. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ṣùgbọ́n gbígbé ọmọ jòjòló ní orí kí ọrùn rẹ̀ lè gùn, jíjù ú sókè kí ẹ̀rù má baà máa bà á, fífi apá kan ṣoṣo gbé e rọ̀, ẹ jẹ́ kó tán lórí àwọn tó ti ṣe é sẹ́yìn. Ọrùn ọmọ yẹn kò tíì lè gbé orí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa bá lọ ni pípọ̀n. Ọmọ tí a pọ̀n ya ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá, orí eegun itan rẹ̀ sì ń jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀ bó ti ń dàgbà. Láàárín àwọn tó ń na ẹsẹ̀ ọmọ gbọnrangandan tí wọ́n sì ń fi aṣọ dì í pọ̀, ìbàdí tí kò jókòó sójú ihò wọ́pọ̀ ju láàárín àwọn tó ń pọn ọmọ lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá kékeré, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀já ti di ohun àtijọ́.

Ọrùn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù. Eegun méje ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ló gbé orí dúró, lórí rẹ̀ ni a sì ti ń mi orí síwájú sẹ́yìn bí a bá ń gbà. Ìkejì ní ṣóńṣó kan tó yọ sókè, àkọ́kọ́ sì ń yí po ṣóńṣó náà bí a bá ń kọ̀. Nǹkan bí ìdajì gbogbo yíyí tí orí ń yí, láàárín eegun méjèèjì yìí ló ti ń wá. Inú ihò àárín wọn ni okùn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí apá, ẹsẹ̀, àti ibi tí a fi ń mí gbà kọjá. Kò ju ìka lọ ní ìwọ̀n. Bí eegun ọrùn bá ti yẹ̀ tàbí ṣẹ́ nínú ìjàǹbá, okùn yẹn lè ṣì wà láìfarapa, kí ó jẹ́ pé ọwọ́ àwa tí a fẹ́ ṣàánú ni yóò gé e.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú títì. Ọkọ̀ kọlu ọkọ̀, àwọn ènìyàn á sáré dé, wọ́n á wọ́ ẹni tó farapa jáde ní apá, orí rẹ̀ á máa fì sọ́tùn-ún sósì, wọ́n á ká a sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bí ẹrù. Ẹni tó ì bá rìn wọ ilé rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan á di ẹni orí ibùsùn. Bí iná kò bá jó, tí omi kò bá ń bò ó, tí kò sí ọkọ̀ tó tún ń bọ̀ wá gbá a, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Kí ẹnì kan kúnlẹ̀ sídìí orí rẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì mú orí náà dúró bó ṣe wà, kó má yí i. Kí àwọn yòókù lọ dá ọkọ̀ dúró lókè ọ̀nà. Kí ẹlòmíràn pe 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó, tàbí 122 ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìjọba àpapọ̀, kó sì sọ ibi tí ẹ wà kedere kí LASAMBUS, ọkọ̀ pàjáwìrì tó ń gbé aláìsàn, má baà ṣìnà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń tú kò ṣeé fi sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́, kí ẹ má sì tú u wò. Bí ó bá di dandan kí ẹ gbé e, ẹ wá pákó gígùn tàbí ilẹ̀kùn, kí ènìyàn tó pọ̀ gbé e pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí orí, ẹ̀yìn àti ìbàdí lọ lórí ìlà kan. Ẹ má já akoto lórí ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀kadà.

Lórí ọrùn yìí kan náà, ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ máa ń ní kí onígbàjámọ̀ fọ́ ọrùn yín lẹ́yìn tó bá gẹ irun tán, ẹ jáwọ́. Ohùn tó ń ta pàú yẹn dùn létí yín, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òpó ẹ̀jẹ̀ méjì ló ń gba inú eegun ọrùn lọ bọ́ ọpọlọ. Bí yíyí òjijì bá ya ọ̀kan nínú wọn, rọpárọsẹ̀ lè tẹ̀lé e, kódà lára ọ̀dọ́ tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n lórí kí ni kí ènìyàn fi ọrùn rẹ̀ dán an wò?

Orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ni ti àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, àti ti ẹni tó já sí gọ́tà. Orúnkún ń ká, ó sì ń nà. Kò lè yí ju ìwọ̀nba lọ. Bí ẹsẹ̀ bá dúró gbọin nínú iyanrìn tí ara òkè sì yí lójijì, okùn inú orúnkún lè já, ẹ ó sì gbọ́ ọ bó ṣe dún. Àṣìṣe wa ni pé gbàrà tí ẹsẹ̀ bá ti rọ́, omi gbígbóná àti Róòbù la ń wá, a ó sì máa fi gbogbo agbára wọ́ ọ. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ooru àti wíwọ́ ń jẹ́ kí ó tún wú sí i ni. Ẹ wá píọ̀ wọ́tà tó ti dì, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ náà ga sórí ìrọ̀rí, kí ẹ tún ṣe é lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹni náà kò bá lè fi ẹsẹ̀ yẹn gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, X-ray ló kàn.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba àwọn tó ń to eegun. Iṣẹ́ baba ńlá ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń lọ bá wọn nítorí owó, tàbí nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé ilé ìwòsàn á gé ẹsẹ̀ wọn. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni pé púpọ̀ nínú ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tí wọ́n ń gé ní ilé ìwòsàn, ìdè líle ló bà wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Wọ́n á fi ọparun àti okùn di apá ọmọ tó wú pinpin, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá mọ́, láàárín wákàtí díẹ̀ ẹran inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Yálà POP ilé ìwòsàn ni o tàbí ọparun, ẹ máa wo ìka. Bí ó bá tutù, bí ó bá funfun tàbí dúdú, bí kò bá mọ ara mọ́, bí ìrora bá ń le sí i dípò kó rọlẹ̀, bí ọmọ bá ké nígbà tí ẹ rọra na ìka rẹ̀, ẹ tú ìdè náà lójú ẹsẹ̀ tàbí kí ẹ lọ bá ẹni tó máa tú u, ìbáà jẹ́ òru. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ilé ìwòsàn eegun ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìgbóbì ti ń ṣiṣẹ́ láti 1945, ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó farapa nínú Ogun Àgbáyé Kejì ló sì bí i. Ó jìnnà sí wa, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ lọ sí èyí tó sún mọ́ yín tó ní X-ray, kí wọ́n mú ara dúró kí wọ́n tó kọ̀wé ránṣẹ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ẹ kọ́kọ́ san owó kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, ẹ rán wọn létí Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, abala 20: wọn kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ìdí yòówù kó jẹ́.

Oríkèé tó wú láìjẹ́ pé ènìyàn ṣubú tún wà. Bí orúnkún tàbí ìbàdí ọmọ bá gbóná, tó wú, tí ibà sì wà lára rẹ̀, tí kò fẹ́ kí a mì ín, kòkòrò lè ti wọ inú oríkèé náà. Ọjọ́ méjì péré tó láti ba oríkèé yẹn jẹ́. Àgbo kò dé ibẹ̀. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ìbàdí ń dùn lemọ́lemọ́, kó má kàn gbà pé ìrora tí òun mọ̀ ni. Orí eegun itan lè máa kú lọ díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá sì tètè rí i, ohun tí wọ́n lè ṣe pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ tó kù jẹ mọ́ àwọn òbí wa tí làkúrègbé ń yọ lẹ́nu. Oògùn orúnkún tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ àti lórí fóònù, tí ìrora ń lọ lọ́jọ́ kejì tí ẹ lò ó, ẹ fura sí i. Ní ọdún 2022, FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa Artri King, èyí tí wọ́n ń tà bí ewé àti egbòogi lásán: wọ́n bá diclofenac àti dexamethasone nínú rẹ̀, kò sì sí èyíkéyìí nínú méjèèjì lára ohun tí wọ́n kọ sí i. Diclofenac láìsí ìṣọ́ra ń dá ọgbẹ́ sí inú, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Dexamethasone tí a lò pẹ́ ń gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́, ó sì lè pa orí eegun itan. Ẹni tó bá ti ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí ara á ti gbàgbé bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe irú èròjà tó wà nínú oògùn náà, ẹni náà sì lè dákú. Kó gbé ike oògùn náà dání, kó lọ bá dókítà, kó sì fi hàn án kó tó sọ ohunkóhun.